Inú Tó Ń Run Mí, Àyà Tó Ń Dun Ìyá Mi

Orúkọ àwọ̀ òwú ni mo kọ́kọ́ mọ̀ nínú èdè Faransé. Kí n tó lè kí ènìyàn tán, mo ti mọ búlúù, mo ti mọ rúújì tí í ṣe pupa, mo ti mọ bọ́dò, èyí tó pọ́n dúdú bí obì tó gbó. Ìdí ni pé ìsọ̀ òwú àti sípù ni Àǹtí Sìfáwù, àbúrò bàbá mi, fi mí sí ní ọjọ́ kẹta tí mo dé Àbíjàn, nínú ọjà Àjàmé. Ó ní kí n máa wo ọwọ́ àwọn oníbàárà. Ohun tí wọ́n bá nàka sí, kí n mú un fún wọn.

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà náà. Mo rò pé mo mọ Àbíjàn kí n tó débẹ̀. Kò sí ilé kan ní àdúgbò wa ní Èjìgbò tí kò ní ẹnì kan ní Kodifúà. Mo ti jẹ búrẹ́dì gígùn tí àwọn tó ń bọ̀ wálé ọdún máa ń gbé wá, mo sì ti gbọ́ tí àwọn àgbà ń fi Faransé bú ara wọn nígbà tí wọn ò fẹ́ kí ọmọdé gbọ́. Mo ní ìlú tí ẹbí ènìyàn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ ìlú àjèjì.

Ọjọ́ kẹta yẹn, obìnrin kan dúró níwájú mi, ó ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà. Mo rẹ́rìn-ín. Ó tún un sọ, mo tún rẹ́rìn-ín. Ó wá yíjú sí ẹni tó tẹ̀ lé e, ó ní, "Anángó tuntun ni." Anángó ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Kò sọ ọ́ bí èébú. Ó sọ ọ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ pé òjò ti ń ṣú. Ṣùgbọ́n ó wọ̀ mí lára. Ní Èjìgbò, ọmọ ẹnì kan ni mí. Níbẹ̀, mo kàn di irú ènìyàn kan.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni nǹkan oṣù mi dé.

Láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni inú ti ń run mí. Kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọ̀rẹ́ mi ń ní, tí wọ́n á mu omi gbígbóná sí, tí wọ́n á tún jáde lọ ṣeré. Tèmi á bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, á gba ẹ̀yìn, á sọ̀ kalẹ̀ sí itan, èébì á sì tẹ̀ lé e. Nílé, ìyá mi, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ìyá Ẹlẹ́pà, á da aṣọ bò mí, á gbé ìgò omi gbígbóná lé mi nínú, á jókòó tì mí. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tó máa ń sọ kò ju pé, "Fara dà á. Ó máa lọ." Mo sì ń fara dà á. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo obìnrin ṣe ń fara dà á, pé èmi ni mo kàn ya ọ̀lẹ.

Ní Àjàmé, kò sí ẹni tó máa jókòó tì mí. Mo lóṣòó sẹ́yìn àpótí sípù, mo di ikùn mú. Àǹtí Sìfáwù dé, ó bá mi bẹ́ẹ̀.

"Kí lo ń ṣe nílẹ̀?"

"Inú ló ń run mí, mà."

"Inú nǹkan oṣù? Obìnrin wo ni kì í ṣe é? Dìde, oníbàárà ń dúró."

Mo dìde. Àǹtí Sìfáwù kì í ṣe ènìyàn burúkú. Òun ló fún mi ní ibùsùn, òun ló kọ́ mi lówò. Ohun tí wọ́n sọ fún òun náà nígbà èwe rẹ̀ ló ń sọ fún mi. Àmọ́ bí mo ṣe ń ka sípù fún oníbàárà, òógùn ń kán láti iwájú orí mi sórí òwú funfun. Obìnrin tó ń ta bọ́tìnì ní ìsọ̀ kejì rí mi. Affoué ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ẹ̀yà Baulé ni. Ó gbé àga tirẹ̀ wá, ó tì í sí abẹ́ ìdí mi, ó fọwọ́ kan èjìká mi, ó ní, "Yako."

Mi ò mọ ohun tó túmọ̀ sí. Mo rò pé àwọ̀ òwú kan ni. Ó tó oṣù mélòó kan kí n tó mọ̀ pé "pẹ̀lẹ́" ni. Ó yà mí lẹ́nu pé mo ti lóye rẹ̀ kí n tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

*

Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ni mo máa ń pe ilé. Lákọ̀ọ́kọ́, fóònù Músílíù, àbúrò mi ọkùnrin, ni mo ń pè. Mẹkáníìkì ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sílé wa. Nígbà tó yá, ó ra fóònù tó ní Wáàsáàpù fún ìyá wa, a wá ń rí ojú ara wa. Ẹ̀pà la máa ń sọ: bí ó ṣe so ní oko Másífà, bí òjò ṣe pẹ́, ẹni tó bímọ, ẹni tó ti Búwákè, ìlú kan ní Kodifúà, dé.

"Ara ńkọ́?" ni ìyá mi á wí.

"Ara le, mà. Tiyín náà ńkọ́?"

"Alihamudulilahi."

Irọ́ ni àwa méjèèjì ń pa fún ara wa, ọ̀pọ̀ ọdún la sì fi pa á. Mo ti ronú nípa rẹ̀ gan-an. Ẹni tó wà lájò kì í fẹ́ kí ilé dààmú. Ilé náà kì í fẹ́ kí ẹni tó wà lájò sá padà. Gbogbo wa ń tọ́jú ara wa nípa pípa ohun tó ń ṣe wá mọ́, títí tí kò fi sí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe ẹnì kejì.

Mo fẹ́ Ràfíù, télọ̀ kan tó máa ń wá ra òwú lọ́dọ̀ mi. Ọmọ Èjìgbò ni òun náà, àmọ́ Àbíjàn ni wọ́n ti bí i, Yorùbá rẹ̀ sì máa ń fi ẹsẹ̀ kan tiro. Ọdún kan kọjá, ọdún mẹ́ta, ọdún márùn-ún, oyún kò dúró. Ìyá rẹ̀ pè é lórí fóònù nígbà tí mo wà nítòsí pé kó ro ti ara rẹ̀, pé obìnrin pọ̀. Ràfíù ní, "Ẹ ṣeun, màmá," ó pa fóònù, ó sì padà sí ìdí máṣíìnì rẹ̀. Kò bá mi sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ títí di òní. Mi ò mọ̀ bóyá ó mọ̀ pé mo gbọ́.

Affoué ló fà mí lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn. Ó ti ń wò mí lóṣooṣù fún ọdún méje. Ó ní òun kò ní sọ yako mọ́. Ó ti sú òun.

Dókítà obìnrin kan ló gbà wá. Ó yẹ̀ mí wò, ó ní kí n lọ ya àwòrán inú, ó sì bi mí ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi mí rí: ọjọ́ wo ló máa ń bẹ̀rẹ̀, ibo ló máa ń gbà, ṣé ó ń dùn mí tí ọkọ mi bá sún mọ́ mi, ṣé ó ń dùn mí tí mo bá fẹ́ ṣe ìgbẹ́. Mo dáhùn, ojú ń tì mí. Nígbà tó parí, ó ya ilé ọmọ sórí bébà.

"Awọ kan wà nínú ilé ọmọ," ló wí, "tó máa ń wú lóṣooṣù, tó sì máa ń ṣẹ̀jẹ̀. Irú awọ bẹ́ẹ̀ ti hù sí ìta lára tiyín: sára ilé ẹyin, sẹ́yìn ilé ọmọ, sára ìfun. Òun náà ń wú, òun náà ń ṣẹ̀jẹ̀, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò rọ́nà jáde. Ó ń sọ ibẹ̀ di egbò, ó ń lẹ àwọn nǹkan mọ́ra wọn." Ó wá kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ àwòrán náà: endométriose. "Ẹ kì í ṣe ọ̀lẹ, màdáàmù. Àìsàn ni."

Mo bú sẹ́kún. Dókítà rò pé ẹ̀rù ló bà mí. Affoué nìkan ló mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rù.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Ó dín kù, kò tán. Ọdún kejì, mo lóyún Mariamu. Nígbà tí mo pe ìyá mi láti sọ fún un, ó gbé fóònù fún Músílíù, mo ń gbọ́ tó ń dúpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tó ń sáré. Mi ò sọ ti àìsàn náà fún un. Mo ní ọmọ ti dé, ọ̀rọ̀ ti parí.

*

Kò parí. Ní ọdún tó kọjá, nígbà tí Mariamu ti pé ọdún mọ́kànlá, mo lọ rí dókítà yẹn gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe. Nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá mi, ó tún un wọ̀n, ó lọ pe dókítà.

"Ẹ̀jẹ̀ yín ń ru," ni dókítà wí. "Láti ìgbà wo?"

Mo ní mi ò mọ̀. Mo ní ohun tó gbé mi wá kò ju ti ikùn mi lọ.

Ó fi pẹ́nì rẹ̀ sílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ikùn náà la ń sọ. Tẹ́lẹ̀, a máa ń wo àìsàn yín yìí bí ẹni pé kò kọjá ìsàlẹ̀ ìdodo. A ti wá mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ara tó bá ń wú, tó ń gbóná láti inú fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó lè ba iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Àwọn obìnrin tó ní i máa ń ní àrùn ọkàn ju àwọn tí kò ní i lọ. Kì í ṣe gbogbo wọn. A kò sì tíì mọ gbogbo ìdí rẹ̀. Àmọ́ èmi kì í dúró kí n mọ gbogbo ìdí kí n tó ṣọ́ ọkàn ẹni tó bá ní i." Ó tún mú pẹ́nì. "Ìyá yín ńkọ́? Ṣé nǹkan oṣù máa ń yọ wọ́n lẹ́nu? Ṣé wọ́n tètè dáwọ́ nǹkan oṣù dúró? Ṣé wọ́n ní àrùn ọkàn?"

Mo mọ iye àpò ẹ̀pà tí ìyá mi ń tà. Mo mọ súrà tó máa ń kà lẹ́yìn ìrun. Mi ò mọ nǹkan kan nípa ara rẹ̀.

Mi ò dúró di ọjọ́ Jímọ̀. Mo pè é lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ó ń ṣa ẹ̀pà nínú atẹ, ó fi fóònù ti kòròbà.

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Mariamu ńkọ́?"

"Àlàáfíà ni, mà. Mo kàn fẹ́ bèèrè nǹkan ni. Nígbà tí ẹ ṣì ń ṣe nǹkan oṣù, ṣé inú máa ń run yín?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀pà. "Irú ìbéèrè wo nìyẹn?"

"Dókítà ló bi mí, mà."

"Kí ló kan dókítà ọ̀hún nínú nǹkan oṣù mi?"

Mo sọ fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láti orí Àjàmé, àga Affoué, iṣẹ́ abẹ, orúkọ àìsàn náà. Mo ní, "Mo pa irọ́ fún yín fún ọdún púpọ̀, mà. Ẹ forí jì mí." Ó ń ṣa ẹ̀pà lọ, ó ń ṣa á lọ. Lẹ́yìn náà ló ní:

"Ṣé o rántí ìgbà tí mo gbé ọ lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìsúndúnrìn?"

Mo rántí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí. Wọ́n ní ó lọ ra ọjà ní ọ̀nà jíjìn. Nígbà tó padà, ó ti rù, kò sì lè gbé mi pọ̀n mọ́.

"Mi ò lọ ra ọjà kankan," ló wí. "Ilé ọmọ ni wọ́n yọ. Wọ́n yọ ilé ẹyin méjèèjì pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí. Inú ti fẹ́ pa mí kí wọ́n tó ṣe é. Dókítà ní gbogbo rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra bí ẹ̀kọ tó jóná mọ́ ìkòkò. Bàbá yín ti wà ní Búwákè nígbà náà, ó ti fẹ́ ìyàwó míì. Mo bẹ ìyá mi pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni mo fẹ́ sọ fún pé mi ò ní ilé ọmọ mọ́?"

Ojú mi ń wo ojú rẹ̀ nínú fóònù kékeré yẹn. Gbogbo ìgbà tó jókòó tì mí láìsọ̀rọ̀, tó gbé ìgò omi gbígbóná lé mi nínú, ara tirẹ̀ ló ń rí nínú tèmi.

"Báyìí ńkọ́, mà? Àyà yín ńkọ́?"

"Àyà mi kò ṣe nǹkan kan. Gáàsì ló ń yọ mí lẹ́nu."

"Gáàsì báwo?"

"Tí mo bá ń lọ sí mọ́sálásí, mo máa ń dúró lẹ́ẹ̀mejì kí èémí mi padà. Ó máa ń mú mi ní ẹ̀yìn, láàárín èjìká, nígbà míì ó máa ń mú mi ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀ bí ẹni tí eyín ń dùn. Tí mo bá jókòó, á lọ."

Mo ní kó lọ sí ilé ìwòsàn lọ́la. Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí. Mo ti fara da èyí tó ju báyìí lọ."

Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Wọ́n ti kọ́ ìyá mi láti kékeré pé kó má fetí sí ara rẹ̀, ó sì kọ́ ọ yege. Ẹni tó ti fi ogún ọdún gbọ́ ariwo ńlá nínú ara rẹ̀, tí wọ́n ní kó dákẹ́, báwo ló ṣe máa gbọ́ tí ọkàn bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́?

Mo pe Músílíù.

"Àǹtí mi, ẹ má dá màmá láàmú," ló wí. "Ara àgbà ni. Mo ti ra oògùn gáàsì fún wọn."

"Músílíù, tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ kan wá bá ọ, tí kò ní wàhálà lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, àmọ́ tó ń gbóná gbogbo ìgbà tó bá gun òkè, kí lo máa sọ fún ẹni tó ni ín?"

"Màá ní kó má wà á lọ ibì kankan. Màá tú u wò."

"O ò ní ní kó lọ ra oògùn gáàsì fún un?"

Mo ń gbọ́ ìró irin ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. "Ó yé mi, mà," ló wí.

Ó gbé ìyá wa lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ kejì. Dókítà ọ̀dọ́ kan tẹ̀ ẹ́ níkùn, ó ní ọgbẹ́ inú ni, ó kọ oògùn fún un. Ìyá mi pè mí tayọ̀tayọ̀. "Ṣé o rí i? Mo sọ fún ọ." Ó ti lo oògùn náà fún ọ̀sẹ̀ méjì kí Músílíù tó sọ fún mi pé ó ti ń dúró lẹ́ẹ̀mẹ́rin báyìí kó tó dé mọ́sálásí.

Mo fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún Affoué, mo fi Mariamu sílẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Mo wálé.

*

Nígbà tí mo dé, àwọn ọmọdé àdúgbò ń kígbe pé ará Àbíjàn ti dé. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi jẹ́ Anángó lọ́hùn-ún, mo dé ilé, mo di ará Àbíjàn. Kò dùn mí tó bí mo ṣe rò. Ohun tó dùn mí ni pé ìyá mi dìde láti pàdé mi, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó di òpó mú, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi láti ibẹ̀. Kò lè rìn dé ọ̀dọ̀ mi. Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wú.

Mo sọ fún Músílíù pé Òṣogbo là ń lọ. Ọkọ̀ oníbàárà kan tó ń tún ṣe lọ́wọ́ ló tọrọ, ó sì wà á bí ẹni tó gbé ẹyin sẹ́yìn ọkọ̀.

Ní ilé ìwòsàn tí a lọ, dókítà tó gbà wá jẹ́ àgbà ọkùnrin. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀: "Gáàsì ló ń yọ mí lẹ́nu, dókítà." Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan sí i." Mo wo ìyá mi. Músílíù wà níbẹ̀, ọkùnrin ni, ọmọ rẹ̀ ni, kò sì gbọ́ ọ rí. Ìyá mi wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́: inú rírun, iṣẹ́ abẹ, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó sọ ọ́ láìgbé ojú sókè, bí ẹni tó ń ka ẹ̀sùn ara rẹ̀. Músílíù bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi bo ojú.

Dókítà náà kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ títí ó fi parí. Ó ní, "Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún mi. Obìnrin tí wọ́n bá ti yọ ilé ẹyin rẹ̀ ní kékeré, ohun kan tó ń dáàbò bo ọkàn rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Tí àìsàn tí ẹ sọ yìí bá tún wà níbẹ̀ ṣáájú, ọkàn ló yẹ kí a kọ́kọ́ wò." Wọ́n so wáyà mọ́ ọn láyà, ẹ̀rọ náà ń ya bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù sórí bébà. Wọ́n fi ẹ̀rọ míì wo inú àyà rẹ̀.

"Ọkàn yín ti gba ọgbẹ́ kan rí, màmá," ni dókítà wí nígbà tó padà wọlé. "Ẹ̀jẹ̀ kò dé ibì kan níbẹ̀, ibẹ̀ sì ti kú díẹ̀. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ kankan tí nǹkan ṣe yín lójijì?"

Ìyá mi ronú. "Ọjọ́ kan wà, a ń wú ẹ̀pà ní Másífà. Nǹkan gbá mi lẹ́yìn. Mo jókòó sábẹ́ igi kajú, òógùn bò mí, híjáàbù mi rin gbingbin. Mo ní oòrùn ni."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Nígbà tó rọlẹ̀, mo dìde, mo wú èyí tó kù."

Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

Wọ́n dá a dúró fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo sùn sórí ẹní nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, a bára wa sọ̀rọ̀ ju bí a ṣe sọ ní ọdún mọ́kànlélógún lọ. Ó bi mí bí iṣẹ́ abẹ tèmi ṣe dùn tó. Ó ní kí n fi ojú àpá náà hàn òun. Mo ká aṣọ sókè, ó wò ó, ó ká tirẹ̀ náà sókè: ó gùn, ó la ikùn rẹ̀ láti ìdodo dé ìsàlẹ̀. Ó ní, "Tìẹ kéré. Ọlọ́run ti mú wọn gbọ́n sí i." A rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi yọjú wò wá.

Ó jáde. Kò gbádùn tán; dókítà kò tàn wá pé ibi tó kú yóò jí. Oògùn mẹ́rin ló ń lò láràárọ̀, kò gbọ́dọ̀ wú ẹ̀pà mọ́, kò gbọ́dọ̀ ru nǹkan tó wúwo, iyọ̀ ọbẹ̀ rẹ̀ ti dín kù débi pé ó ní òun ń jẹ ewé bí ewúrẹ́. Àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wú mọ́, èémí rẹ̀ padà. Èmi náà ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tèmi. A jọ ń lò ó láàárọ̀, òun ló ń rán mi létí.

Nígbà tí mo wà ní ọmọdébìnrin, mo rò pé ilé ni ibi tí wọ́n ti mọ ènìyàn. Mo dé Àbíjàn, mo rò pé ohun tí mo pàdánù nìyẹn. Ṣùgbọ́n ilé náà kò mọ̀ mí, èmi náà kò mọ ilé. Àjèjì kan ló gbé àga sábẹ́ ìdí mi, èdè àjèjì ló sọ ohun tó ń ṣe mí, ìmọ̀ tí mo gbà lọ́dọ̀ àjèjì ni mo fi mọ ìyá tó bí mi. Mi ò mọ ibi tí mo jẹ́ tiẹ̀ mọ́ tí wọ́n bá ní kí n nàka sí i. Mo kàn mọ àwọn tí mo jẹ́ tiwọn.

*

Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ọjọ́ tí mo padà sí Àbíjàn, mo tẹ̀ lé ìyá mi lọ sí àsàlátù àwọn obìnrin. A rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kò dúró lójú ọ̀nà àfi ẹ̀ẹ̀kan, ìyẹn sì jẹ́ láti kí ẹnì kan.

Nígbà tí wọ́n parí àdúà, ìyá àdínnì bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀. Ìyá mi gbé ọwọ́ sókè. Mo rò pé ó fẹ́ dúpẹ́ ìwòsàn ni. Kò dìde; ó jókòó sórí ẹní níbi tó wà.

"Ẹ bá mi dúpẹ́," ló wí. "Àmọ́ kì í ṣe ọpẹ́ nìkan ni mo bá wá. Ẹ ti mọ̀ mí láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ máa ń bi mí pé kí ló dé tí mo fi bí méjì péré. Mo máa ń sọ pé bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ni. Òótọ́ ni. Àmọ́ mi ò sọ ìyókù. Inú ló ń run mí lóṣooṣù, títí wọ́n fi yọ ilé ọmọ mi. Mo fi pamọ́. Ohun tí mo fi pamọ́ sí ikùn ló gòkè wá bá mi láyà, ó kù díẹ̀ kó pa mí. Ọmọbìnrin tí inú bá ń run débi tí kò lè dìde, ẹ má ní kó fara dà á. Èmi ní kí tèmi fara dà á. Mo ṣì í."

Mo rò pé àwọn kan á máa wo ara wọn, àwọn kan á máa rẹ́rìn-ín sábẹ́ ìborùn. Ìyá arúgbó kan tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Èmi náà."

Lẹ́yìn náà, obìnrin kan tí mo bá kàwé ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ òun obìnrin kì í lè lọ sílé ìwé fún ọjọ́ mẹ́ta lóṣooṣù. Òmíràn ní àbúrò òun wà ní Másífà, ọdún kẹjọ rẹ̀ nílé ọkọ nìyí, kò rí ọmọ, inú sì ń run ún bí ẹni tó ń rọbí. Wọ́n wá yí mi ká. Wọ́n ní kí ni orúkọ rẹ̀, kí ni wọ́n ń pè é, kí ni kí àwọn sọ tí àwọn bá dé ọ̀dọ̀ dókítà. Mo pè é, ahọ́n wọn kò gbé e. Ẹnì kan ya bébà láti inú ìwé ọmọ rẹ̀, ó ní kí n kọ ọ́ fún òun. Mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì: endometriosis. Mo kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ yẹ ọkàn rẹ̀ wò pẹ̀lú." Ẹlòmíràn na ọwọ́. Mo kọ ti arúgbó ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ní ti ọmọ ọmọ òun ni. Mo ń kọ ọ́ títí ìka mi fi ń ro mí.

Nígbà tí wọ́n tú ká, bébà kékeré kan ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi. Ìyá mi na ọwọ́.

"Kọ tèmi."

"Ẹ̀yin, mà? Ẹ ti mọ̀ ọ́n."

"Kọ ọ́," ló wí. "Mo ti bá a gbé láti ọmọdé. Jẹ́ kí n rí bí orúkọ rẹ̀ ṣe rí."

Mo kọ ọ́ gàdàgbà. Ìyá mi kò mọ̀wé. Ó gbà á, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, ó sì ń wò ó, ó pẹ́.